Ẹ̀wà tutù yọ̀yọ̀, àgbàdo ń pọ́n: níbo ni irúgbìn ti ń rí purotéènì tiẹ̀?

Àdùkẹ́ Olóko, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá.

Èkíní. Mo gbin àgbàdo sí apá kan oko, mo gbin ẹ̀wà sí apá kejì. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì. Ẹ̀wà kò gba ajílẹ̀ kankan lọ́wọ́ mi. Àgbàdo ni mo fún ní NPK 15-15-15 lẹ́yìn ìgbà tí mo kọ́kọ́ ro ó, ìwọ̀nba ni o, nítorí owó. Ní báyìí àgbàdo ti tó mi ní ìbàdí, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Kì í ṣe gbogbo ewé ló ń pọ́n pọ̀: ṣóńṣó ewé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gba ojú ọ̀pá àárín ewé bọ̀ wá sí ìdí. Etí ọ̀tún àti etí òsì ṣì tutù. Ewé òkè ò ní nǹkan kan. Ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ìkejì. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 gbọ́ tí mò ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ ẹ̀wà nítorí purotéènì. Ó ní, "Màámi, ẹ̀wà kì í jẹ ẹran, kì í mu mílíìkì, ta ló fún òun ní purotéènì?" N kò rí èsì fọ̀. Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Bàbá Kékeré, Ọ̀yọ́

Yúríà ló ń fẹ́. Ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ lọ sùn.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yára jù. Ó lè jẹ́ yúríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ tí yúríà fẹ́ lọ ṣe kí wọ́n tó náwó sí i.

Màmá, ìbéèrè kan náà ni méjèèjì tí ẹ bi. Purotéènì yòówù kó jẹ́, ti ẹran ni, ti ẹja ni, ti ẹ̀wà ni, amino acid ni wọ́n so pọ̀ tó fi di purotéènì. Irú rẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń lò jẹ́ 20. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara ọmọ ènìyàn kò lè ṣe: histidine, isoleucine, leucine, lysine, methionine, phenylalanine, threonine, tryptophan àti valine. Àfi ká jẹ wọ́n. Irúgbìn ní tiẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá a wá wọn, ó dúró sójú kan. Gbogbo 20 ló ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò sẹ́ni tó fún ẹ̀wà, àwa gan-an la ń gba tiwa lọ́wọ́ ewéko. Ẹran màlúù tí a ń jẹ pàápàá, koríko ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Kí ló fi ń ṣe é? Ewé á fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ṣúgà, ara ṣúgà yìí ni carbon ti ń wá. Gbòǹgbò á fa náítírójìn láti inú ilẹ̀. Méjì nínú wọn, cysteine àti methionine, tún ń fẹ́ imí ọjọ́ díẹ̀.

Bó ṣe ń lọ rèé, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Náítíréètì ló pọ̀ jù nínú náítírójìn tí gbòǹgbò àgbàdo ń fà. Ẹ́ńsáìmù kan (ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ nitrate reductase á sọ ọ́ di nitrite. Májèlé ni nitrite, sẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Nínú ewé, kíá ni wọ́n á ti gbé e wọ inú chloroplast, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, níbẹ̀ ni agbára oòrùn á ti sọ ọ́ di amóníà. Amóníà náà kò ṣeé kó pamọ́. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, glutamine synthetase, á gbá a mú, á so ó mọ́ glutamate, ó di glutamine. Ẹ̀kẹta, tí orúkọ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè é ní GOGAT, á yọ náítírójìn kan lára glutamine yẹn, á fi fún ohun kan tó ti ara ṣúgà wá. Glutamate méjì ló máa jáde. Ọ̀kan á padà lọ gbá amóníà mìíràn mú, èkejì á ṣẹ́kù fún iṣẹ́ ilé.

Glutamate yìí ni alájọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni náítírójìn kọ́kọ́ ń wọlé sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àwọn yòókù ti ń gbà á. Ó fún èyí, ó di alanine. Ó fún tọ̀hún, ó di aspartate. Láti ara aspartate ni lysine, threonine, methionine àti isoleucine ti ń jáde, ìdílé kan náà ni wọ́n. Bí 20 bá ti pé, sẹ́ẹ̀lì á máa ka àṣẹ inú DNA rẹ̀, á máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi di purotéènì tí ó ń fẹ́.

Títí di 1974, ẹ́ńsáìmù mìíràn, glutamate dehydrogenase, ni ọ̀pọ̀ rò pé ó ń gba amóníà wọlé. Peter Lea àti Ben Miflin ní England ló fi chloroplast ewé ẹ̀wà pea hàn lọ́dún náà pé ọ̀nà GOGAT wà. Bí ìwé báólójì àtijọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yín, kó yẹ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó kan ewé tó ń pọ́n wàyí. Inú purotéènì chloroplast ni èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn ewé wà. Nígbà tí ilẹ̀ kò bá fún àgbàdo mọ́, sẹ́ẹ̀lì ewé ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú purotéènì tiẹ̀, á sọ ọ́ padà di amino acid, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ fi ń pọ́n tí òkè fi tutù. Láti ṣóńṣó, gba àárín, bọ̀ wá sí ìdí: àìtó náítírójìn nìyẹn. Ká ní etí ewé ìsàlẹ̀ ló ń gbẹ tó ń jó, potassium ni ǹ bá sọ. Ká ní ewé òkè ló ń pọ́n, imí ọjọ́ ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí, nítorí kì í rọrùn fún un láti kúrò nínú ewé àgbà lọ sínú ewé ọmọ.

Bàbá Kékeré, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣé, Tíṣà. Yúríà náà ni mo ṣáà sọ.

Àdùkẹ́ Olóko, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín o. Ẹ̀wà wá ńkọ́? Òun kò gba NPK, kò gba yúríà.

Ọmọ Láàbù, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ lọ sí oko pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ẹ gbẹ́ ìdí ẹ̀wà kan jáde tìlẹ̀tìlẹ̀. Ẹ má fà á tu, kókó ara gbòǹgbò á já sínú ilẹ̀. Ẹ fi omi ṣàn án díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí àwọn kókó róbótó róbótó lára gbòǹgbò. Ẹ fi abẹ gé ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lára, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí kò wúlò. Bí ó bá ti di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ó ti dàgbà kọjá iṣẹ́.

Bakitéríà ló ń gbé inú kókó yẹn, ìdílé Bradyrhizobium ni ti ẹ̀wà wa. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, náítírójìn ni, ṣùgbọ́n méjì-méjì ló lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin, irúgbìn kò lè já wọn. Bakitéríà yìí ní ẹ́ńsáìmù tó lè já wọn, nitrogenase. Afẹ́fẹ́ oxygen sì máa ń ba ẹ́ńsáìmù yẹn jẹ́. Ìdí tí inú kókó fi pupa nìyẹn: ẹ̀wà ń ṣe purotéènì kan tó jọ ti ẹ̀jẹ̀ wa, leghaemoglobin, tó ń di oxygen mú kó má bàa pọ̀ jù lọ́dọ̀ bakitéríà.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Láti já náítírójìn méjì kan péré, ó kéré tán ATP 16, tí í ṣe owó agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń lọ sí i, ẹ̀wà ló sì ń fi ṣúgà rẹ̀ sanwó. Amóníà tó bá jáde, inú kókó náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di glutamine lọ́nà tí Tíṣà ṣàlàyé. Ẹ̀wà àti sóyà tún máa ń yí i sí nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ ureide, òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè sí ewé àti pódì.

Nítorí náà, bí ẹ bá da yúríà sí ẹ̀wà, á dínwọ́ kókó. Bí ó ti ń rí náítírójìn fà nínú ilẹ̀, kò ní fẹ́ fi ṣúgà rẹ̀ bọ́ bakitéríà mọ́. Fọ́sífọ́ọ̀sì ni ẹ lè fún un bí ilẹ̀ yín bá ti gbó.

Bàbá Kékeré, Ọ̀yọ́

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Àǹtí gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, yóò máa wá náítírójìn fún àwọn méjèèjì. Àwọn bàbá wa ń ṣe é.

Ọmọ Láàbù, Abẹ́òkúta

Wọ́n ń ṣe é, ó sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀ ni àgbàdo ń rí gbà lọ́dọ̀ ẹ̀wà nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà láàyè. Ìgbà tí ewé àti gbòǹgbò ẹ̀wà bá jẹrà sínú ilẹ̀ ni àgbàdo tí ẹ bá gbìn tẹ̀lé e á jàǹfààní. Tí ẹ bá ká ẹ̀wà tán, tí ẹ tún kó ìtàkùn rẹ̀ fún ewúrẹ́, ẹ ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ewúrẹ́ ló jẹ náítírójìn yín. Àfi kí ẹ dá ìgbẹ́ ewúrẹ́ náà padà sóko.

Sóyà ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo bakitéríà inú ilẹ̀ wa ló ń bá a rẹ́. Àwọn irú sóyà TGx tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, bí ni wọ́n ṣe kí ó lè bá bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà rẹ́. Wọ́n tún ṣe bakitéríà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, NoduMax, tí à ń pò mọ́ irúgbìn sóyà kí á tó gbìn ín. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, ohun abẹ̀mí ni.

Ọlọ́jà Kẹ́míkà, Ṣakí

Ẹ kú àpérò. Kí ẹnikẹ́ni tó fi yúríà sí ohunkóhun, Màmá Àdùkẹ́, ṣé ẹ fín oògùn koríko sí àgbàdo yẹn? Èwo ni?

Àdùkẹ́ Olóko, Ògbómọ̀ṣọ́

Rárá o, ọkọ́ ni mo fi ro ó. Mo ń gbèrò láti fín nicosulfuron sí i báyìí, koríko ti ń padà.

Ọlọ́jà Kẹ́míkà, Ṣakí

Ẹ dúró ná. Àgbàdo tó ti tó ìbàdí ti kọjá ìgbà nicosulfuron. Ẹ ka ara ike dáadáa, wọ́n kọ iye ewé tí àgbàdo gbọ́dọ̀ ní síbẹ̀. Ẹ̀wà tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Tíṣà ń kọ́ wa lókè yẹn, òun gan-an ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ oògùn koríko, ibi tí irúgbìn ti ń ṣe amino acid ni wọ́n ń dí. Nicosulfuron ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí valine, leucine àti isoleucine. Àgbàdo máa ń tètè fọ́ kẹ́míkà náà sí wẹ́wẹ́ kó tó pa á lára, ìdí nìyẹn tó fi ń yè. Ẹ̀wà kò ní irú agbára yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e lọ bá a, ẹ ti pàdánù ẹ̀wà.

Glyphosate ní tiẹ̀ ti wà lọ́jà láti 1974. 1980 ni àwọn onímọ̀ ní Bochum, ní Jámánì, tó rí ibi tó ń dí: ẹ́ńsáìmù EPSPS, lójú ọ̀nà phenylalanine, tyrosine àti tryptophan. Àwọn oníbàárà máa ń wá bá mi, wọ́n á ní, "Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ti fín in, koríko ṣì dúró, ayédèrú lẹ tà fún mi." Mo máa ń bi wọ́n pé ọkàn koríko ńkọ́, ṣé ó ti ń pọ́n? Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kú nìyẹn. Koríko ń jẹ amino acid tó ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá tán tí kò rí tuntun ṣe, ibi tó ń hù ló máa kọ́kọ́ dúró, ìyókù á tẹ̀lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Paraquat ló ń jó ewé láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló sì ń gbà pa koríko, kò kan amino acid. NAFDAC ti fòfin de òun láti January 2024, ẹ má bá ẹnikẹ́ni rà á lábẹ́lẹ̀. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Glufosinate tún wà. Glutamine synthetase gan-an ló ń dí. Amóníà tí Tíṣà ní kò ṣeé kó pamọ́, òun ló máa ń pọ̀ nínú ewé títí ewé á fi bàjẹ́. Ó yá ju glyphosate lọ.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá ń lo glyphosate. Ẹ fín in nígbà tí koríko ń hù dáadáa, kì í ṣe nígbà tí ọ̀dá ti dá a dúró. Ẹ má lo omi odò tó ti dàrú: amọ̀ inú rẹ̀ á gbá kẹ́míkà mú, agbára rẹ̀ á dínkù kó tó kan ewé. Ẹ má sì gé koríko náà lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó gbé e dé gbòǹgbò ná. Àwọn kan ń sọ pé nítorí pé ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù EPSPS, kò lè ṣe wá ní nǹkan. Èmi tí mò ń tà á, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ni mo fi ń fín in.

Koríko tó ń padà yẹn, Màmá, ọkọ́ náà ni.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀jọ́

Àwa tí à ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Nitrate reductase tí Tíṣà dárúkọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un ṣiṣẹ́ dáadáa. Lóru ó ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá da ìgbẹ́ adìyẹ tàbí yúríà sí ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ tí ojú ọjọ́ sì ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, náítíréètì á kún inú ewé, kò ní tíì di amino acid. Nítorí náà ẹ má fi yúríà sí ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ já lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá lè já a lọ́sàn-án tàbí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn oòrùn dáadáa, náítíréètì inú rẹ̀ á kéré ju ti àárọ̀ kùtùkùtù lọ. Mo mọ̀ pé àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ já ti àárọ̀ nítorí kó má rọ. Ẹ máa wọ́n omi sí i.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ jẹ́ ká padà sí yúríà kí Ẹ̀gbọ́n lè rí oorun sùn.

Ìdá 46 nínú 100 yúríà ni náítírójìn. Àpò 50 kg, náítírójìn 23 kg ló wà nínú rẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 kan náà, 7.5 kg péré ni. Ìdá 16 nínú 100 purotéènì ni náítírójìn, ìdí nìyẹn tí àwọn oníláàbù fi ń sọ náítírójìn di purotéènì nípa fífi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ká ní gbogbo 23 kg yẹn wọ inú àgbàdo pátá, purotéènì bíi 144 kg ni ìbá jáde. Kì í rí bẹ́ẹ̀ láé. Apá kan á fò lọ, apá kan á bá omi lọ.

Èyí tó ń fò lọ la lè dá dúró. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ urease wà nínú ilẹ̀, kíá ló ń fọ́ yúríà sí amóníà. Bí yúríà bá wà lójú ilẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni amóníà ń gbà lọ, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù tí oòrùn sì mú. Nítorí náà kì í ṣe wíwọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ọkọ́ ṣí ilẹ̀ tó jìn bíi 5 cm, kó jìnnà díẹ̀ sí ìdí àgbàdo kó má jó o, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó. Ìdérí ìgò mínírà ni àwa fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe é nígbà tí omi bá dúró lórí ilẹ̀, bakitéríà inú ẹrọ̀fọ̀ á sọ náítíréètì tí amóníà yẹn ń dà nínú ilẹ̀ padà di afẹ́fẹ́, gbòǹgbò náà kò sì ní rí èémí láti fà á. Ẹ ṣe é kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ewé tó ti pọ́n kò ní padà tutù, ẹ má wo ìyẹn. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba, Manchester

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ SS2 yẹn sọ̀rọ̀, torí ó ti fọwọ́ kan ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn nílé ìwòsàn.

Irúgbìn lè ṣe gbogbo 20, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ló ń kó sínú hóró. Purotéènì àgbàdo jẹ́ nǹkan bíi ìdá 9 sí 10 nínú 100. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jẹ́ zein, lysine ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú zein, tryptophan bẹ́ẹ̀ náà. Àgbàdo kò ṣe hóró nítorí tiwa, oúnjẹ ọmọ tiẹ̀ ló ń kó pamọ́, ọmọ rẹ̀ tó bá hù sì lè ṣe lysine tirẹ̀. Ọmọ tiwa ni kò lè ṣe é. Cicely Williams tó jẹ́ dókítà ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana báyìí, ló kọ̀wé lórí kwashiorkor láàárín ọdún 1930 sí 1935, lára àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n wá ń fi kìkì oúnjẹ àgbàdo bọ́. Kì í ṣe lysine nìkan ló ń fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ògì lásán bọ́ ọmọ.

Ẹ̀wà wá yàtọ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀wà gbígbẹ ni purotéènì, lysine pọ̀ nínú rẹ̀, methionine ló kéré. Methionine yìí ni àgbàdo ní jù ú lọ. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ti ń sè látọjọ́: àdàlú. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ògì àti àkàrà. Kò sí láàbù kankan nínú ilé ìdáná wọn.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún àgbàdo fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 1964, Edwin Mertz àti Oliver Nelson ní yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, kéde pé àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní opaque-2 ní lysine àti tryptophan púpọ̀, nítorí pé zein rẹ̀ kéré. Hóró rẹ̀ rọ̀, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, àgbẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Evangelina Villegas àti Surinder Vasal ní CIMMYT, ilé ìwádìí àgbàdo àti àlìkámà ní Mexico, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú rẹ̀ títí hóró fi le padà. Wọ́n gba World Food Prize fún un ní 2000. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, Obatanpa, jáde ní Ghana ní 1992, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ti gbìn ín dáadáa.

Ìyá Onírú, Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí kan irú? Torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dímú nígbà tí mo bá ṣí igbá.

Ọmọ Láàbù, Abẹ́òkúta

Ó kàn án gan-an, Màmá. Bakitéríà tó ń wú irú, Bacillus subtilis ni olórí wọn. Ó ń tú purotéènì inú hóró irú padà sí amino acid, glutamate sì wà lára wọn, òun náà tí Tíṣà pè ní alájọ. Glutamate tó dá dúró yìí ló ń mú kí ọbẹ̀ ta sánsán lẹ́nu, òun kan náà ni wọ́n dì sínú máàgì. Bakitéríà tún ń fọ́ lára amino acid náà kọjá ibẹ̀, amóníà á jáde. Ohun tó ń mú wọn dímú nìyẹn. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Àdùkẹ́ Olóko, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọlọ́run bù sí i fún gbogbo yín. Mo gbẹ́ ẹ̀wà: àwọn kókó tó tóbi pupa nínú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti di àwọ̀ ewé. Mo ti ra yúríà, a ó bò ó mọ́lẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀. Ọmọ mi ka gbogbo rẹ̀ tán, ó tún ní ìbéèrè. Ó ní bí irúgbìn bá lè ṣe lysine, kí ló dé tí kì í ṣe é púpọ̀?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Òṣogbo

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Lysine fúnra rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ dúró. Bí ó bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ń lọ lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí lysine, iṣẹ́ á dúró títí tí wọ́n á fi lo èyí tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ amino acid ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irúgbìn kì í fi náítírójìn ṣòfò.

Aládìyẹ, Ìbàdàn

Àwa tí à ń lọ fíìdì ti mọ èyí tipẹ́, a kàn ò mọ ìdí rẹ̀ ni. Àgbàdo àti sóyà kì í tó fún adìyẹ nìkan, à ń bu lysine àti methionine kún un láti inú àpò. Lysine yẹn, bakitéríà ni wọ́n ń fi ṣe é nílé iṣẹ́.

Bàbá Kékeré, Ọ̀yọ́

Ehn! Tí wọ́n bá ń ta lysine lápò, kí ló dé tí a ò lè dà á sí ìdí àgbàdo, kó kúkú fà á mu tààrà?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, bakitéríà inú ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Èyí tí gbòǹgbò bá sì rí fà nínú rẹ̀, bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ìdàgbà irúgbìn dúró, pàápàá tí threonine bá tẹ̀lé e: àwọn méjèèjì á jọ ti ìlẹ̀kùn mọ́ methionine tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Owó rẹ̀ náà tún ju ti yúríà lọ fíìfíì. Ẹ fi lysine sílẹ̀ fún adìyẹ.